Ẹni Tí Ó Sọ̀rọ̀ àti Ẹni Tí Ó Gbọ́: Ìtàn Recy Taylor ti Alabama

Àwọn baba wa a máa wí pé, ẹni tí ó bá dákẹ́, ti ara rẹ̀ yóò bá a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, a sì ti fi kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa láti máa sọ ohun tí ó bá ń dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ òwe yìí wò dáradára, a ó rí i pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó sọ. Ó pàṣẹ fún ẹni tí a ṣẹ̀ pé kí ó la ẹnu. Kò sọ ohun tí ó yẹ kí àwa tí a wà ní ìtòsí ṣe nígbà tí ó bá là á tán. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ sí etí dídi, kí ni èrè rẹ̀? Nínú gbogbo ìwà ìkà tí ènìyàn lè hù sí ọmọnìkejì rẹ̀, bóyá ni èyí tí a ń di etí sí tó ìfipábánilòpọ̀. Bí olè bá kó ilé ènìyàn, gbogbo àdúgbò ni yóò bá a kígbe. Bí a bá fi ipá ba obìnrin jẹ́, àwọn kan yóò bi í pé, kí ni ó wá lọ sí ibẹ̀?

Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn obìnrin kan fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ń ka ìwé yìí. Ní ìpínlẹ̀ Alabama, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1944. Ilẹ̀ náà jìnnà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wa wà níbẹ̀. Ní ọdún 1860 ni ọkọ̀ ojú omi kan tí a ń pè ní Clotilda kó ẹrú tí ó tó 110 láti èbúté Ouidah lọ sí Mobile ní Alabama, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọ ìlú léèwọ̀ láti ọdún 1808. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń sọ èdè Yorùbá. Ọ̀kan nínú wọn, Matilda McCrear, jẹ́ ọmọ kékeré nígbà tí a kó òun àti ìyá rẹ̀. Ilà tí a kọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní ilé kò parẹ́ títí ó fi kú ní Selma ní ọdún 1940. Ní ọdún 1931, nígbà tí ó ti lé ní ẹni 70 ọdún, ó fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bí máìlì 15 lọ sí kóòtù ní Selma láti béèrè ìtánràn ìyà tí a fi jẹ ẹ́. Wọn kò dá a lóhùn. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ohun tí a fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kan náà.

Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a mọ bí òfin ti rí ṣáájú, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1944 ní gbòǹgbò tí ó jìn. Ní ọdún 1662 ni àwọn aṣòfin Virginia ṣe òfin pé ipò tí ìyá bá wà ni ọmọ yóò wà: bí ìyá bá jẹ́ ẹrú, ẹrú ni ọmọ, ẹni yòówù kí baba rẹ̀ jẹ́. Ẹ kíyèsí ohun tí òfin yìí ṣe. Olówó ẹrú tí ó bá fi ipá bá ẹrúbìnrin rẹ̀ lò pọ̀ kò jẹ̀bi níwájú adájọ́, ọmọ tí obìnrin náà bá sì bí di ohun ìní kún ohun ìní rẹ̀, ó lè tà á ní ọjà. Báyìí ni a sọ ìwà ìkà di ọ̀nà èrè, tí a sì fi òfin ti i lẹ́yìn.

Ní ọdún 1855, ní ìpínlẹ̀ Missouri, ẹrúbìnrin kan tí a ń pè ní Celia, ẹni bí ọdún 19, pa olówó rẹ̀. Ọkùnrin náà ti ń fi ipá bá a lò pọ̀ láti ìgbà tí ó ti rà á, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ bí ọdún 14. Òfin Missouri wí pé obìnrin èyíkéyìí lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ bà á jẹ́. Àwọn agbẹjọ́rò Celia tọ́ka sí òfin yìí, ṣùgbọ́n adájọ́ kò gbà pé ẹrú wà nínú àwọn obìnrin tí òfin ń sọ. Wọ́n so ó rọ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún náà. Obìnrin mìíràn, Harriet Jacobs ti North Carolina, sá fún irú olówó bẹ́ẹ̀. Ó fi ara pamọ́ ní nǹkan bí ọdún méje sí inú àjà tóóró kan lábẹ́ òrùlé ilé ìyá rẹ̀ àgbà, kí ó tó rí ọ̀nà sá lọ sí àríwá ní ọdún 1842. Ní ọdún 1861 ó tẹ ìtàn ìgbé-ayé rẹ̀ jáde. Ó sọ ohun gbogbo, ṣùgbọ́n kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Orúkọ àbòsí ni ó lò. Ẹni tí a ṣẹ̀ ni ojú ń tì, kì í ṣe ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́.

Oko ẹrú parí ní ọdún 1865. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1866, àwọn òyìnbó ní ìlú Memphis dìde sí àwọn aláwọ̀ dúdú, wọ́n pa ènìyàn 46, wọ́n sì fi ipá bá àwọn obìnrin lò pọ̀. Márùn-ún nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí dúró níwájú ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà rán wá, wọ́n sì jẹ́rìí. A kọ ẹ̀rí wọn sílẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìjọba. Ṣùgbọ́n a kò fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, nígbà tí ó fi di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀lé e, àṣà ti rọ́pò òfin: obìnrin aláwọ̀ dúdú lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kóòtù kò ní etí fún un.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀dọ̀ Recy Taylor. A bí i ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1919, ní ẹ̀bá ìlú kékeré Abbeville. Àgbẹ̀ ni àwọn ará ilé rẹ̀. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n ti ń dá oko, wọn a sì pín ìkórè pẹ̀lú onílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń ṣe lẹ́yìn òpin oko ẹrú. Ọmọ ọdún 17 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, òun ni ó sì tọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ mẹ́fà. Ní ọdún 1944 ó jẹ́ ẹni ọdún 24. Ó ní ọkọ, ó sì ní ọmọbìnrin kékeré kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1944, ó ń ti ìsìn bọ̀ ní ilé ìjọsìn Rock Hill Holiness, òun pẹ̀lú obìnrin àgbàlagbà kan tí í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti ọmọkùnrin obìnrin náà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan dúró tì wọ́n. Òyìnbó méje ni ó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n parọ́ mọ́ Recy Taylor pé ó ti fi ọ̀bẹ ṣá ènìyàn ní ọjọ́ náà, wọ́n na ìbọn sí i, wọ́n sì gbé e wọ ọkọ̀ lọ sí inú igbó. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun padà sí ọ̀dọ̀ ọkọ àti ọmọ òun. Mẹ́fà nínú wọn fi ipá bá a lò pọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, wọ́n di í lójú, wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀ sí ojú ọ̀nà nínú òkùnkùn, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé bí ó bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, pípa ni àwọn yóò pa á.

Ní òru ọjọ́ náà gan-an ni ó sọ ọ́. Baba rẹ̀, Benny Corbitt, ti jáde láti wá a, ó sì pàdé rẹ̀ ní ọ̀nà bí ó ti ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ bọ̀. Ó sọ fún baba rẹ̀, ó sọ fún ọkọ rẹ̀, ó sì sọ fún àwọn agbófinró. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà kò sá lọ sùn; ó ti lọ kéde pé wọ́n ti gbé e lọ. Ọmọkùnrin ọ̀rẹ́ náà mọ ọkọ̀ tí ó gbé e, ó sì dárúkọ ẹni tí ó ni ín. Nígbà tí wọ́n mú ọlọ́kọ̀ náà dé, ó jẹ́wọ́ pé òótọ́ ni, ó sì ka orúkọ àwọn mẹ́fà yòókù. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ rántí èyí títí tí ìtàn yìí yóò fi parí: kí ilẹ̀ tó mọ́ dáradára ni orúkọ àwọn méjèèje ti wà ní ọwọ́ ìjọba. Ẹni tí a ṣẹ̀ ti ṣe ìpín tirẹ̀. Ohun tí ó kù, ọwọ́ àwọn tí ó gbọ́ ni ó wà.

Kí ni àwọn tí ó gbọ́ ṣe? Olórí àwọn ọlọ́pàá kò mú ẹnikẹ́ni tì mọ́lé. Láìpẹ́, àwọn kan wá ní òru, wọ́n sọ iná sí ilé tí Recy Taylor ń gbé. Ó kó ọkọ àti ọmọ rẹ̀, wọ́n lọ sá di baba rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí alẹ́ bá lẹ́, Benny Corbitt a gun igi kan tí ó wà ní ẹ̀yìn ilé, pẹ̀lú ìbọn rẹ̀, a sì jókòó níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, láti ṣọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ojúmọmọ ni ó tó ń sùn. Àwọn kan sì wá bá ọkọ rẹ̀, wọ́n fi 600 dọ́là lọ̀ ọ́ kí ọ̀rọ̀ náà lè parẹ́. Iná fún àwọn tí ó lè bẹ̀rù, owó fún àwọn tí ó lè ṣe aláìní: àwọn ohun èlò méjì tí a fi ń di ẹnu ènìyàn nìyí, níbi gbogbo tí irú ọ̀ràn yìí bá ti ṣẹlẹ̀. Ìdílé náà kọ̀ méjèèjì.

Ìròyìn náà dé ìlú Montgomery, ní ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tí a ń pè ní NAACP, tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ẹgbẹ́ náà rán akọ̀wé rẹ̀ lọ láti wádìí. Obìnrin ẹni ọdún 31 ni akọ̀wé yìí, aránṣọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti kà nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn: Rosa Parks. Àwọn ará ilé baba rẹ̀ jẹ́ ará Abbeville, nítorí náà ó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó jókòó ti Recy Taylor, ó sì kọ ohun tí ó ń sọ sílẹ̀. Nígbà tí ó wà níbẹ̀, agbófinró kan já wọlé, ó lé e, ó sì halẹ̀ mọ́ ọn pé kí ó fi ìlú sílẹ̀. Rosa Parks fi ìlú sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí ó kọ wà ní ọwọ́ rẹ̀.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Bí wọ́n ti dé Montgomery, òun àti E. D. Nixon àti àwọn mìíràn dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti bèèrè ìdájọ́ òdodo. Orúkọ tí wọ́n fún ìgbìmọ̀ náà yẹ kí ó dùn mọ́ ọmọ Yorùbá nínú, nítorí àwa mọ ohun tí ọ̀wọ̀ jẹ́. Wọ́n pè é ní Ìgbìmọ̀ fún Ìdájọ́ Dídọ́gba fún Ìyáàfin Recy Taylor. Ní gúúsù Amẹ́ríkà ní ìgbà náà, òyìnbó kì í pe obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Ìyáàfin, bí ó ti wù kí ó dàgbà tó. Orúkọ rẹ̀ lásán ni wọn yóò pè, bí ẹni ń pe ọmọdé. Ìgbìmọ̀ náà fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí dá ọ̀wọ̀ padà fún ẹni tí a ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí kóòtù tó ṣe ohunkóhun, wọ́n ti sọ irú ẹni tí obìnrin náà jẹ́.

Ẹgbẹ́ náà tàn ká láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì. Àwọn ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú gbé ọ̀ràn náà. Àwọn ènìyàn ńlá bí W. E. B. Du Bois, Mary Church Terrell àti akéwì Langston Hughes fi orúkọ wọn sí i. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí rọ́ lu Chauncey Sparks, gómìnà Alabama, láti ọ̀nà jíjìn réré. Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Ní ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọmọ wa láti ilẹ̀ Nàìjíríà ń jà ní Burma. Àwọn tí ó kọ ìwé sí gómìnà bi í pé, báwo ni ìjọba tí ó ní òun ń ja ogun òmìnira lókè òkun ti ṣe lè kọ òdodo fún obìnrin kan ní ilé ara rẹ̀?

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbé ọ̀ràn náà lọ sí iwájú ìgbìmọ̀ tí òfin Amẹ́ríkà yàn láti wò ó bóyá ẹ̀sùn kan tó èyí tí a lè gbé lọ sí kóòtù. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1944. Òyìnbó ọkùnrin ni gbogbo àwọn tí ó jókòó. Níwọ̀n bí ọlọ́pàá kò ti mú ẹnikẹ́ni, kò sí ẹni tí a fi hàn obìnrin náà pé, ṣé èyí ni? Wọ́n ní ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ọ̀ràn sì parí. Ìwé tí ń rọ́ dé ni ó mú kí gómìnà rán àwọn aṣèwádìí lọ ní ìparí ọdún. Àwọn wọ̀nyí rí i pé ọlọ́pàá ti parọ́. Wọ́n bi àwọn ọkùnrin náà léèrè. Àwọn kan nínú wọn gbà pé àwọn bá a lò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní panṣágà ni, àwọn sì san owó fún un. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́wọ́ pé ipá ni wọ́n fi mú un. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ sọ pé obìnrin rere ni, tí ń lọ sí ilé ìsìn. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ìgbìmọ̀ kejì jókòó ní oṣù Kejì ọdún 1945, òyìnbó ọkùnrin ni gbogbo wọn pẹ̀lú, wọ́n sì tún kọ̀ láti gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn méje náà tí ó lo ọjọ́ kan ní ẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀.

A fẹ́ kí ẹ wo bí a ti ṣe é, nítorí iṣẹ́ tí ó ní ọ̀nà ni. A kò mú àwọn tí a fura sí, kí a lè wí pé kò sí ẹni tí a dá mọ̀. A ba orúkọ obìnrin náà jẹ́, kí a lè wí pé kò sí ohun tí ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. A fi ẹjọ́ sí ọwọ́ àwọn ará ilé ẹni tí ó ṣẹ̀, kí ọkàn wọn lè tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ tiwọn. Kò sí èyí tí ó nílò kí ẹnikẹ́ni wí ní gbangba pé ìfipábánilòpọ̀ dára. Gbogbo wọn ni ó ń wí pé ó burú. Kìkì pé wọn kò gbọ́.

Ǹjẹ́ asán ni iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà, nígbà náà? Àwọn tí ó fẹ́ kí a dákẹ́ a máa wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn kò fara mọ́ wọn. Àwọn tí wọ́n ti kọ́ láti kó ara jọ nítorí Recy Taylor kò gbàgbé ẹ̀kọ́ náà. Ní ọdún 1949, ní Montgomery, ọlọ́pàá méjì fi ipá bá obìnrin aláwọ̀ dúdú kan lò pọ̀. Obìnrin náà lọ kan ilẹ̀kùn ilé àlùfáà kan nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti àwọn aláwọ̀ dúdú, Solomon Seay. Àlùfáà yìí kò ní kí ó lọ gbàdúrà kí ó sì gbàgbé. Ó fetí sí i, ó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó mú un búra lé e lórí, ó sì fi í ránṣẹ́ sí akọ̀ròyìn kan tí ó sọ ọ́ lórí rédíò fún gbogbo Amẹ́ríkà. Ìgbìmọ̀ tún kọ̀ láti gbé àwọn ọlọ́pàá náà lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ti gbọ́.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 1955, Rosa Parks kọ̀ láti dìde fún òyìnbó nínú ọkọ̀ akérò ní Montgomery, wọ́n sì mú un. Àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà fi ẹsẹ̀ rìn fún ọjọ́ 381, wọn kò wọ ọkọ̀ akérò, títí ilé ẹjọ́ gíga fi fọ́ òfin ìyàsọ́tọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó sọ ìtàn yìí bí ẹni pé obìnrin kan tí ó rẹ̀ ni ó kàn jókòó síbẹ̀ láìmọ̀dí. Àwa mọ̀ nísinsìnyí pé ẹni tí ó jókòó ní ọjọ́ náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Recy Taylor ní ọdún 11 ṣáájú, àti pé E. D. Nixon tí ó bá a dá ìgbìmọ̀ Abbeville sílẹ̀ ni ó lọ gbà á sílẹ̀ ní àtìmọ́lé. Ní ọdún 1959, ní Tallahassee ní ìpínlẹ̀ Florida, òyìnbó mẹ́rin fi ipá bá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan lò pọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò lọ sí kíláàsì. Wọ́n péjọ, wọ́n ní àfi kí a ṣe ìdájọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tí gbogbo wọn jẹ́ òyìnbó dá àwọn mẹ́rin náà lẹ́bi, adájọ́ sì rán wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ohun tí a kò rí ní Abbeville ni a rí ní Tallahassee, ọdún 15 lẹ́yìn náà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ kíyèsí i pé àwọn tí ó ṣe èyí kò ju ẹ̀gbọ́n yín lọ ní ọjọ́ orí.

Recy Taylor fúnra rẹ̀ gbé Montgomery fún oṣù díẹ̀, ó padà sí Abbeville, ó sì pẹ́ kí ó tó kó lọ sí Florida, níbi tí ó ti ń bá wọn ká ọsàn nínú oko. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀. Òwe wa ní, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Èyí lo ju ọgọ́ta ọdún lọ. Ní ọdún 2010, òpìtàn kan, Danielle McGuire, tẹ ìwé jáde tí ó fi ọ̀ràn yìí sí iwájú. Àbúrò Recy Taylor kan, Robert Corbitt, tí ó wà ní kékeré nígbà tí baba wọn ń ṣọ́ ilé lórí igi, ti ń wá àkọsílẹ̀ ọ̀ràn náà kiri. Ní ọdún 2011, ilé aṣòfin méjèèjì ti Alabama pa ohùn pọ̀, wọ́n gbà pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣẹ̀ ẹ́ nígbà tí wọ́n kọ̀ láti dá ẹjọ́ àwọn tí ó bà á jẹ́, wọ́n sì tọrọ àforíjì. Ní ọjọ́ àwọn ìyá ní oṣù Karùn-ún, wọ́n gbé ìwé àforíjì náà fún un nínú ilé ìjọsìn Rock Hill Holiness, ibi tí ó ti ń bọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni ọdún 91 ni nígbà náà. Ó kú ní Abbeville ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2017, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ó pé ẹni ọdún 98.

Àforíjì dára, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi í ṣe ìtùnú púpọ̀ jù. Ìjọba tọrọ àforíjì. Àwọn tí ó ṣe é kò jẹ́jọ́. Òdodo tí ó pẹ́ ní ọdún 67 kò lè dá ìgbà èwe obìnrin padà. Ẹ̀kọ́ tí a rí níbẹ̀ fún àwa olùkọ́ ni pé a kò gbọdọ̀ pẹ́.

Òwe mìíràn ń bẹ ní ẹnu wa: ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Bí a ti ń lò ó ní ọ̀ràn yìí ni kò tọ́. Ọ̀pọ̀ ìyá ti fi pa ọmọ rẹ̀ lẹ́nu mọ́; ọ̀pọ̀ ìdílé ti fi parí ọ̀ràn sí inú yàrá, tí wọ́n gba owó ìtánràn lọ́wọ́ ẹni tí ó bà á jẹ́, tí wọ́n sì ní kí ọmọ máa kí i ní ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ẹ̀sín ta ni? Ẹni tí olè jà kò jẹ́ olè. Ẹni tí a fi ipá bà jẹ́ kò ṣe ohun tí ó lè tì í lójú. Bí a bá fi ẹ̀sín sí ibi tí ó yẹ, ẹnu púpọ̀ ni yóò là.

Òfin ilẹ̀ wa kò sí ní ipò òfin Alabama ti ọdún 1944. Òfin ẹ̀tọ́ àwọn ọmọdé wà láti ọdún 2003. Òfin tí ó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn jáde ní ọdún 2015, èyí tí ó fi ẹ̀wọ̀n gbére ṣe ìyà tí ó ga jù fún ìfipábánilòpọ̀, ìpínlẹ̀ púpọ̀ sì ti ṣe irú rẹ̀. Ní ọdún 2013 ni a ṣí Mirabel Centre ní Ìkẹjà, ní ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba Èkó, fún ìtọ́jú àwọn tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n òfin kò ní ẹsẹ̀; ẹni tí ó gbọ́ ni yóò gbé e rìn. Bí ọmọ kan bá wá bá olùkọ́, kí olùkọ́ jókòó, kí ó gbọ́ ọ tán, kí ó má ṣe bi í ní ìbéèrè ẹ̀gàn. Kí ó mú un lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ní kíá, kí wákàtí 72 tó kọjá, nítorí oògùn tí a fi ń dènà àrùn HIV kò wúlò mọ́ lẹ́yìn èyí, àmì ẹ̀rí a sì máa parẹ́ bí ọmọ bá ti wẹ̀ tí ó sì ti fọ aṣọ. Kí ó kọ ohun tí ọmọ náà sọ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ ọ́. Bí ẹni tí a fi sùn bá sì jẹ́ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, tàbí àgbà nínú ìjọ, tàbí ẹni tí ń fi owó ran ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́, níbẹ̀ gan-an ni a ó ti mọ irú ẹni tí àwa jẹ́. Àwọn tí ó jókòó ní Abbeville kì í ṣe ẹranko. Ará ilé àti aládùúgbò àwọn tí a fi sùn ni wọ́n, wọn kò sì fẹ́ ba ọmọ tiwọn lórúkọ jẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹnikẹ́ni bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, tàbí bí ẹ bá mọ̀ pé a ṣe ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá gbọ́, ẹ tọ ẹnì kejì lọ, kí ẹ sì tọ ẹnì kẹta. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, àgbà kì í wà ní ọjà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ pé ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwa, ẹni àkọ́kọ́ tí ọmọ bá sọ fún ni yóò gbọ́.